Hóòsì tí Mo Gbé láti Ìgàndó lọ sí Orí Ọ̀sà

Àwọn ará ilé mi ń retí kí n mú búrẹ́dì gígùn àti aṣọ bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé tó wà lẹ́bàá wa níbí. Rọ́bà dúdú kan tí mo fi ọ̀bẹ là ní ìdúró ni wọ́n bá nínú báàgì mi. Ọkọ mi gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá Táyọ̀, ṣé tìtorí èyí lo ṣe kọjá bọ́dà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà bó ṣe rí gan-an, nítorí pé ohun tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàn lọ ra ọjà ní Kútọnu tí wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà kì í ṣe ohun tí ojú mi rí lórí omi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìgàndó mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Fáìlì ni mò ń gbé láti yàrá kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísù ni mo fẹ́ràn. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn akọrin ẹgbẹ́ mi bá ń sinmi, èmi a ti wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀wù akọrin lọ́rùn, sípánà lọ́wọ́. Fídíò orí fóònù ni mo fi kún un. Ọ̀gá kankan ò kọ́ mi. Tí ẹ bá wá bi mí ní ọ̀rọ̀ hóòsì, rọ́bà tí omi ń gbà kọjá lára ẹ́ńjìnnì, ẹ yáa wá àga jókòó.

Ìyá Sẹ̀nàmí mọ èyí dáadáa. Ọmọ Ègùn ni, a jọ gbé nínú ọgbà kan náà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ padà sílé. Abúlé orí omi kan lẹ́yìn Àjàṣẹ́ ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Sẹ̀wánù ni ọkọ náà ń jẹ́, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń wà, ọkọ̀ onígi gígùn kan tí bàbá rẹ̀ kàn, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì dísù sí nínú. Òun ló ń gbé àwọn obìnrin abúlé àti ẹja yíyan wọn lọ sọ́jà. Ìyá Sẹ̀nàmí fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù.

"Ìyá Táyọ̀, ẹ́ńjìnnì wa tún ti hó o. Mẹkáníìkì ní ó ti kú, ká lọ ra òmíràn."

Mo pè é. "Tó bá ń rọra lọ ńkọ́, ṣé ó máa ń gbóná?"

"Rárá o. Tó bá rọra lọ, kò ní ṣe nǹkan kan. Tó bá sáré ni."

Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Mo ní, "Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì kankan. Hóòsì ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò ní pẹ́. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Nínú ọkọ̀ yìí, omi gbígbóná ń gba hóòsì òkè jáde, ó ń lọ gba inú páìpù irin tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ọ̀sà ti ń tù ú, ó wá ń gba hóòsì ìsàlẹ̀ padà wọlé. Pọ́ǹpù ló ń fà á. Bí hóòsì ìsàlẹ̀ bá ti gbó tó sì rọ̀, tí pọ́ǹpù wá fà á kíkankíkan, ògiri rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ọmọdé ti fa omi inú rẹ̀ tán. Tí ẹ bá ń rọra lọ, pọ́ǹpù ò fà á le, hóòsì á ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé eré ló ń pa á lára. Mo ní kí Ìyá Sẹ̀nàmí fi òwú wọn ẹnu hóòsì kọ̀ọ̀kan, kó ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Mo lọ sí Ìkòtún, mo tú ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ títí mo fi rí mẹ́ta tó bá a mu, títí kan èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìgbọ̀nwọ́. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ó di ọ̀nà.

Bọ́dà

Wọ́n ti sọ fún mi pé ojú líle ni wọ́n fi ń wo èèyàn ní bọ́dà. Èmi ò bá a bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kan tó dé fìlà pẹlẹbẹ ní kí n tú báàgì. Ó fa hóòsì kan yọ, ó gbé e sójú bí awò, ó fi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó sọ Faransé. Mo ní mi ò gbọ́. Ó sọ Ègùn. Mo ní mi ò gbọ́. Ó wá sọ Yorùbá tó dùn ju tèmi lọ.

"Màmá, ejò wo lẹ pa?"

"Ejò kọ́ o, sà. Hóòsì ẹ́ńjìnnì ni."

"Ẹ̀yin ará Nàìjíríà! Ẹ ò wá rí nǹkan mìíràn gbé wọ̀lú ju ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì lọ?"

Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Mo fi okùn tí wọ́n hun sí àárín rọ́bà hàn án. Mo ṣàlàyé pé rọ́bà nìkan kò lè gba agbára omi gbígbóná láìsí okùn yẹn, pé àwọn kan wà tí wọ́n tún máa ń fi wáyà rírọ̀ sí ikùn rẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ra, pé ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá páìpù mu rẹ́gí. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí pòṣé. Ọ̀gá náà fi hóòsì padà sínú báàgì, ó fa síìpù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ máa lọ jàre. Tí mo bá tún bi yín ní ìbéèrè kan sí i, a ò ní ṣí bọ́dà mọ́ lónìí."

Àjàṣẹ́

Ibi tí ojú ti kọ́kọ́ tì mí nìyí. Ebi ń pa mí, mo rí obìnrin kan tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín lẹ́bàá omi. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, mo ní, "Eélòó ni?" Obìnrin náà kò dáhùn. Ó ń to ewé. Mo tún béèrè. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń kí ẹlòmíràn. Mo rò pé kò gbọ́ Yorùbá, mo fi ìka tọ́ka sí ẹja.

Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Mo gbọ́ yín látẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ò tíì kí mi ni."

Èmi Yorùbá! Àwa tí a ń pariwo pé kò sẹ́ni tó mọ ìkíni tó wa! Kíá ni mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo kí i kú ọjà, mo kí i kú ìjókòó, mo kí i kú oòrùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí fún mi, ó bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, ó bi mí bí ilé ṣe wà. Nígbà tí a fi parí ìkíni, ẹja ti tutù, kò sì sí ẹni tó bìkítà. Àkàsà wọn tutù minimini, ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ata wọn ní àlùbọ́sà tí wọ́n gé sí i ní tútù. Mo jẹ méjì, ó fi ìkẹta ṣe èènì. Eré Èkó yìí ti ń kọ́ wa ní ìwà tí a ò mọ̀ pé a ti ń hù.

Ẹ̀gbẹ́ omi yẹn ni Ìyá Sẹ̀nàmí ti wá pàdé mi. Bó ṣe ń bọ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kò wé gèlè, aṣọ tó ró ti ṣá.

"Ìyá Táyọ̀, Bàbá ti lọ," ó ní. "Bàbá Sẹ̀wánù. Oorun ló sùn tí kò jí."

Àgbàlagbà ni bàbá náà, ó rí ọmọ ọmọ, ó rí ọmọ wọn. A ò sunkún púpọ̀. A di ara wa mú, lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ àjẹ̀, ó ń fi àjẹ̀ wà wá lọ. Mo bi í léèrè ìdí tí wọn ò fi fi ẹ́ńjìnnì wá gbé mi.

"Ẹ máa rí i tí a bá débẹ̀," ó ní.

Ilé tó dúró lórí omi

Ilé gbogbo dúró lórí òpó igi, omi ń ṣàn lábẹ́ wọn. Àtẹ̀gùn kúkurú ni wọ́n fi ń gun ilé láti inú ọkọ̀. Ewúrẹ́ kan wà lórí pèpéle tó ń jẹ koríko tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wá fún un. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ń lọ pọn omi mímu, kànga wọn sì wà lórí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jọ. Ẹ fojú inú wò ó pé tí ẹ bá fẹ́ lọ gba iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ gbọ́dọ̀ tú ọkọ̀ ní ìdè.

Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n fi tapólì bo gbogbo wọn. Kò sí èyí tó ń dún.

Obìnrin àgbà kan jókòó nínú ọkọ̀ kékeré ní ìsàlẹ̀ ilé Sẹ̀wánù, ó ń gba àlejò. Àbúrò olóògbé ni, Ìyá Àgbà ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó ti ta ẹja ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó gbọ́ Yorùbá bí omi. Mo ti kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ aláàkàsà. Bí ọkọ̀ wa ṣe súnmọ́ tirẹ̀, mo kúnlẹ̀ gbì.

Ọkọ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi rọ́ wọlé. Ìyá Sẹ̀nàmí di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn, àjẹ̀ bọ́ sómi, báàgì hóòsì ń yọ̀ lọ.

"Ẹ dìde!" Ìyá Àgbà pariwo. "Rárá, ẹ má dìde! Ẹ jókòó! Ẹ jókòó síbẹ̀!"

Mo jókòó sínú omi tó wà nínú ọkọ̀. Ìyá Àgbà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rín ló wà lójú rẹ̀ ṣá.

"Ará Èkó, òkú kan la ní nílẹ̀, ẹ má ṣe é ní méjì. Lórí omi, ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, kó jókòó jẹ́ẹ́ kó má rì mí."

Nígbà tí mo pààrọ̀ aṣọ tán, tí wọ́n gbé ẹja yíyan àti gàrí síwájú mi, Ìyá Sẹ̀nàmí wá sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Níbẹ̀, tí olórí agbo ilé bá kú, ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọ́dọ̀ dún ní abúlé títí òkú yóò fi wọ ọkọ̀. Ohùn ọkọ̀ tó gbé òkú ni yóò kọ́kọ́ dún. Òdìkejì ọ̀sà, lórí ilẹ̀, ni wọ́n ti ń sin òkú wọn. Ọkọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ dúró lórí omi. Tó bá dúró, wọ́n gbà pé olóògbé kọ ẹni tó ń gbé e lọ ni, ọmọ rẹ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ kò ní lè jókòó sí ipò bàbá. Ẹbí á wá ẹlòmíràn.

"Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ló ń fi àjẹ̀ wà á, tí ó bá rẹ àwọn kan, àwọn kan á gbà á," ó ní. "Ní báyìí, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ti lọ Kútọnu. Ẹ́ńjìnnì la gbójú lé. Àbúrò Bàbá kan lọ́kùnrin ní kí a lo ọkọ̀ tòun. Ó sì ń fẹ́ ipò yẹn."

Mo wo Sẹ̀wánù tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gíga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Bàbá ló kan ọkọ̀ yìí. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e sí. Tí ẹ bá ní ẹ́ńjìnnì ò ṣeé gbára lé, ẹ sọ fún mi báyìí, kí n gba ti àbúrò rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yé mi. Èmi tí mo ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì láti Ìgàndó, mo ní láti tún un ṣe láìtàn án wò.

Ọ̀bẹ lára rọ́bà

Ilẹ̀ mọ́, a ṣí ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá fẹ́ yọ hóòsì tó ti gbó, ẹ má fà á. Ẹnu páìpù lè ṣẹ́. Ẹ tú kílíìpù, òrùka irin tó dè é mọ́ páìpù, kí ẹ fi ọ̀bẹ là á ní ìdúró, kí ẹ wá bó o bí èèpo ìṣu. Bí mo ṣe la hóòsì ìsàlẹ̀, èrò mi jóòótọ́, àfi pé ó burú ju bí mo ṣe rò lọ. Inú rẹ̀ ti wú, ó ń yọ̀, ó ń bó bí awọ ara ẹni tó jóná. Wáyà ikùn rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan kò yé mi. Ìta rẹ̀ ń dán. Rọ́bà tó bá gbó sínú oòrùn máa ń sán, ó máa ń gbẹ. Èyí rọ̀ bí ẹran tí wọ́n sè jù.

Mo gbóòórùn rẹ̀. Òróró àgbọn.

"Ta ló ń fi òróró ra èyí?"

Ojú Sẹ̀wánù tàn. "Bàbá ni! Bí a bá ti fẹ́ lọ ọjà, á wá jókòó síbí, á fi ọwọ́ ra gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ohunkóhun tó bá ń bá omi gbé, òróró ni aṣọ rẹ̀."

Òtítọ́ ni. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ní lórí omi ni wọ́n ń fi òróró àgbọn ra: igi ọkọ̀, àjẹ̀, okùn, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ó sì ń dáa fún gbogbo wọn. Irú rọ́bà yìí nìkan ni òróró máa ń wọ̀ lára, tó ń mú un wú. Bàbá yìí, ìfẹ́ ló fi ba hóòsì rẹ̀ jẹ́, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn òmíràn. Mi ò lè sọ èyí fún ọmọ tí òkú bàbá rẹ̀ wà lókè orí wa. Mo ní, "Bàbá tọ́jú wọn gan-an," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fi yanrìn ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu páìpù.

Omi ọṣẹ ni mo fi ti àwọn hóòsì tuntun wọlé. Mo to kílíìpù, mo jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí etí rọ́bà ní ìwọ̀n ìbú ìka kékeré. A bu omi kún un. Kí n lè mọ̀ bóyá yóò jò láìtan ẹ́ńjìnnì, mo mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, mo so ó mọ́ ẹnu táǹkì kékeré tí wọ́n ń bu omi sí, mo fún un ní afẹ́fẹ́ títí ọwọ́ mi fi rò pé ó tó, mo wá fi fóòmù ọṣẹ ra gbogbo oríkèé. Ní ibì kan, fóòmù hó púpúpú. Mo ti fi kílíìpù yẹn sí etí jù. Mo tú u, mo tún un dè. Mo tún fún un ní afẹ́fẹ́, mo jókòó tì í títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ohunkóhun kò jò.

Ó kù kan, mo sì sọ ọ́ fún Sẹ̀wánù ní gbangba. "Mo ti dènà kí omi máa jò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lè há sínú rẹ̀. Ó máa ń sá pamọ́ sí ibi tó bá ga jù, á dínà mọ́ omi. Kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ló ń lé e jáde."

"Kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́."

"Kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́."

A fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ títí òógùn fi bò wá. Omi ru díẹ̀ nínú táǹkì. Mo mọ̀ pé kò tó. Sẹ̀wánù wò mí, ó wo ọkọ̀. "A ó gbé Bàbá sínú rẹ̀," ó ní.

Ọpọ́n òróró

Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọkùnrin gbé pósí sọ̀kalẹ̀. Èmi wà nídìí ẹ́ńjìnnì, mo ń fọwọ́ tẹ hóòsì kiri. Ìyá Àgbà wọ ọkọ̀ wọlé, ọpọ́n òróró àgbọn lọ́wọ́. Ó jókòó tì mí, ó tẹ ọwọ́ bọ ọpọ́n, ó na ọwọ́ sí hóòsì òkè.

Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyá Sẹ̀nàmí pa ojú dé.

"Ará Èkó," Ìyá Àgbà ní, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe é. Kò sí mọ́. Èmi ni mo fẹ́ bá a ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má bínú. Òróró yẹn ló bà wọ́n jẹ́."

"Kí lẹ wí?"

Kò sí bí mo ṣe lè gbé e gbà mọ́. Mo mú hóòsì tí mo là, mo ṣí i fún un. Mo ní kó fi ìka tẹ inú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó yíjú wo pósí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa lúwẹ̀ẹ́ dé Ìgàndó.

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá gbọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ò yí padà! Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, bí ó ṣe ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀ nìyí, láàárọ̀ lálẹ́, ó ń bá a wẹ̀, ó ń bá a gẹrí, títí obìnrin fi sá lọ sí Kútọnu. Ó ní òun fẹ́ sinmi!"

Ẹ̀rín gba ọkọ̀, ó gba àwọn ọkọ̀ tó yí wa ká. Sẹ̀wánù náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà fi òróró ra igi imú ọkọ̀ dáadáa, ó fi èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra mí lápá.

"Ẹni tó tún un ṣe ló máa jókòó tì í," ó ní. "Tó bá dúró, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún òkú."

Àárín ọ̀sà

Sẹ̀wánù tan ẹ́ńjìnnì. Ó ti tutù fún ọjọ́ púpọ̀, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó gbà. Ariwo sọ ní gbogbo abúlé. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mo ti bá níbẹ̀, ohùn yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ tẹ̀ lé wa, àwọn obìnrin ń kọrin. Àbúrò Bàbá, ẹni tó ń fẹ́ ipò, wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ń dún lẹ́yìn wa gẹ́lẹ́.

Ojú mi kò kúrò lára géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró síbi tó yẹ. Sẹ̀wánù fún un níná sí i. Mo fọwọ́ tẹ hóòsì ìsàlẹ̀: ó le, ó kún, kò lẹ̀ mọ́ra. Mo fẹ́ kọrin.

A ti dé ibi tí ilé kankan ò ti hàn mọ́, níwájú tàbí lẹ́yìn, nígbà tí abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè.

Mo fọwọ́ kan hóòsì òkè. Ìdajì rẹ̀ gbóná, ìdajì rẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ ni. Ó ti sá lọ sí ibi tó ga jù, ó jókòó síbẹ̀ bí onílé.

"Ẹ dín iná kù," mo ní fún Sẹ̀wánù. "Ẹ má pa á o."

Ọkọ̀ rọra. Kíá ni Ìyá Àgbà yíjú. "Ṣé ó ń dúró ni?"

"Kò dúró, mà. Ó ń rọra ni."

"Ọmọ yìí, ṣé ó ń dúró?" Sẹ̀wánù ni Ìyá Àgbà ń bi báyìí.

"Kò dúró," Sẹ̀wánù ní.

Ọkọ̀ àbúrò Bàbá ti súnmọ́ wa. Ẹnì kan nínú rẹ̀ gbé okùn dání, ó ń fì í kó lè jù ú fún wa, kí wọ́n fi fà wá. Sẹ̀wánù kò wo ẹ̀yìn.

Mo bọ́ ìborùn mi, mo wé e mọ́ ọwọ́. Ní ibi tí hóòsì òkè ti tẹ̀ kọrọdọ, mo tú kílíìpù rẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n kí atẹ́gùn lè kọjá, mo wá fi sùkúrúdíráfà gbé ètè rọ́bà sókè. Tí mo bá gbé e jù, hóòsì á fò, omi híhó á tú sí wa lára, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ. Mo gbé e bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣí ìpéǹpéjú ọmọ tuntun. Ó sín. Ó tún sín. Ó wá mí jáde, ṣìììì, afẹ́fẹ́ gbígbóná bá mi lójú, ó ń jáde, ó ń jáde, mo rò pé kò ní tán. Lẹ́yìn náà ni omi ta pàrà sórí ìborùn mi. Mo fa sùkúrúdíráfà yọ, mo de kílíìpù títí kò fi yí mọ́.

Abẹ́rẹ́ dúró. Gbogbo wa ń wò ó, títí kan àwọn tí kò mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ. Ó mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ fún un níná," mo ní.

Sẹ̀wánù fún un níná. Imú ọkọ̀ gbéra, àwọn olórin tún gbé ohùn sókè. Ọkùnrin tó gbé okùn dání ká a, ó fi í sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e. Ìborùn tó ti rin ṣì wé mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá Àgbà ló bá mi tú u.

Ilẹ̀ hàn, igi àgbọn, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn tó dúró sétí omi. Ọkọ̀ gun iyanrìn. Sẹ̀wánù pa ẹ́ńjìnnì, kò sì mọ ohun tó kàn láti ṣe, ó kàn jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀kalẹ̀. Ní ilẹ̀ yẹn, olórí ló máa ń kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀.

Ìyá Àgbà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ó tẹrí ba.

"Bàbá," ó ní, "ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Sẹ̀wánù yíjú wo ẹ̀yìn, ó wo pósí, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yé e, ó fọwọ́ nu ojú, ó dìde, ó sì tẹ ẹsẹ̀ sínú iyanrìn. Ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ bọ́ fìlà.

Èmi ò dìde. Wọ́n gbé òkú kọjá lára mi, wọ́n ń kọrin lọ sókè, mo ṣì jókòó síbẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì, mò ń gbọ́ bí irin rẹ̀ ṣe ń dún tín-tín bó ti ń tutù, mo sì ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan.